Ohun Tí Mo Fi Ṣọ́ọ̀kì Kọ

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, Svaneti, ìparí oṣù kẹta.
Mo fi apá ẹ̀wù nu pátákó àná,
mo kọ tòní:
Òtútù: ìwọ̀n mẹ́rin nísàlẹ̀ òdo.
Afẹ́fẹ́: kò tíì jí.
Yìnyín: ó le.

"Ó le" kò tó o.
Ẹ wá gbọ́ bí síkì Murzakan ṣe ń dún lórí rẹ̀,
kàràkàrà, bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò.
Ohun tó yọ́ lánàá ti dì mọ́jú,
ipa ẹsẹ̀ gbogbo wa ti di egungun.
Ẹni bá ṣubú ní wákàtí yìí,
orúnkún rẹ̀ ni yóò ròyìn.

Mo máa ń ní kí àwọn àlejò ṣe sùúrù.
Ẹ jókòó, ẹ mu tíì,
ẹ jẹ búrẹ́dì Nargiza tó ní wàràkàṣì nínú.
Oòrùn ń bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè,
ó sì ní ibi tó ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Aago mẹ́wàá. Mo tún nu ún.
Fún wákàtí kan péré, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ,
ojú yìnyín á tú, wóró wóró bí iyọ̀,
síkì á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́,
àga orí okùn irin á máa gbé wọn gòkè ní méjì méjì,
arúgbó á dà bí ọmọdé,
ọmọdé á dà bí omi.
Èmi náà bọ́ bàtà iṣẹ́,
mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Owó oṣù mi kéré,
ṣùgbọ́n mo ní wákàtí yẹn.

Aago méjìlá ààbọ̀: pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀.
Omi ń ṣàn lábẹ́ ohun tí à ń pè ní funfun.
Mo kọ ọ́ gàdàgbà: A TI ÒKÈ GÚÚSÙ PA.
Ọkùnrin kan dé láti Tbilisi, Zviad lorúkọ rẹ̀,
ó ní òun ti sanwó,
ó ní ṣé n kò rí i pé ọ̀run mọ́ gaara ni.
Mo ní, ọ̀gá, ọ̀run lẹ̀ ń wò,
ilẹ̀ lẹ ó gbà kọjá.
Ó bínú, ó fi ọ̀pá síkì gún ilẹ̀.
A ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí òkè wúkọ́,
ẹ̀ẹ̀kan péré, gbì,
tí ògiri yìnyín ẹ̀gbẹ́ gúúsù ya,
tó ń bọ̀ wálẹ̀ láìkánjú, ó wúwo bí kọnkéré tútù,
tó gba ọ̀nà tí Zviad fẹ́ gbà gan-an,
tó sì dúró.

Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀.
Nígbà tó ṣe, Zviad ra tíì fún mi.
Ṣúgà mẹ́fà ló dà sí i. N kò lè mu ún.

Ìgbà ìrúwé ni òkè máa ń jẹ́wọ́.
Ohun tó gbé mì láti oṣù Kejìlá, ó ń pọ̀ ọ́ síta:
ìbọ̀wọ́ ọmọdé kan, aláwọ̀ ọsàn, tọwọ́ òsì;
kọ́kọ́rọ́ mọ́tò; ṣíbí;
àti eyín Besarion. Bẹ́ẹ̀ ni, eyín àtọwọ́dá,
tó jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ lóṣù kìíní
níbi tó ti ń fi ẹni tó ṣubú rẹ́rìn-ín.
Ó ṣàn án nínú omi yìnyín, ó fi í sẹ́nu,
ó ní, "Ó tutù díẹ̀."

Mo fi ìbọ̀wọ́ náà kọ́ ọgbà.
Koríko ti yọrí lábẹ́ òpó kẹrin,
ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn.
Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, àga á dákẹ́,
màlúù Nargiza á máa jẹko níbi tí a ti ń sáré.

Kí n tó lọ sùn, mo kọ tọ̀la sílẹ̀:
Ó le. Ẹ dúró díẹ̀.
Aago méjì òru, òjò jí mi,
òjò gidi, lórí páànù,
tó ń fọ pátákó mi nínú òkùnkùn.
Mo yí ẹ̀gbẹ́ padà, mo sùn.