Gbèsè Inú Kànga

Ọdún tí kòkó gbówó lórí ni Jẹ́gẹ́dẹ́ gbẹ́ kànga yìí,
bàbá bàbá mi, òṣómàáló tó fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀fà,
ìdì aṣọ lórí, ìwé gbèsè lábẹ́ fìlà.
Gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlórò ló ń pọn ọ́n.

Nígbà tó yá, wọ́n ta ọgbà ẹ̀gbẹ́ wa.
Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n ri táǹkì mẹ́ta mọ́lẹ̀
bí ẹni ń sìnkú lóru. Ilé epo dé. A pàtẹ́wọ́:
iná rẹ̀ ń tàn wọ yàrá wa.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ìyá Ìbídàpọ̀ ju korobá sí kànga,
omi tó gòkè ń dán, òṣùmàrè lójú rẹ̀.
"Bẹntiróòlù ni!" Ẹ wá gbọ́ ariwo.
"Ìjẹ̀ṣà ti kan epo! Àwa náà di ará Kùwéètì!"
Láṣùpọ̀ fọkanáísà bù ú sí ọ̀kadà, ọ̀kadà gbéra.
A rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀rín yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Nítorí a ti ń mu ún kó tó máa dán.
Ọdún mélòó? Ta ló kà á?
A fi tẹ ẹ̀bà, a fi wẹ ọmọ titun,
bó bá rùn, a ní ìpẹtà okùn korobá ni.
Orí fífọ́ ìyá àgbà, a pè é ní ogbó.
Èébì Ìbídàpọ̀, a ní ibà ni,
títí eérìgì rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀ láìsí ẹni tó gbá a létí,
tí àmì dúdú ń so ní itan rẹ̀ bí awin.
Dókítà wo ẹ̀jẹ̀ tán, ó bi wá:
"Omi wo lẹ̀ ń mu nílé?"
Ìyá rẹ̀ wò mí. Mo wolẹ̀.

Ẹni tó ni ilé epo ní táǹkì òun kò jò.
Ó fi omi inú ọ̀rá ránṣẹ́, àpò méjìlá.
Ìjọba fi ìgò kékeré bu omi lọ; ìgò kò padà.
A fi páànù bo kànga. Bí oòrùn bá mú,
a ṣì ń gbóòórùn rẹ̀ lórí ibùsùn.

Láàárọ̀ yìí mo ṣí ìwé gbèsè Jẹ́gẹ́dẹ́.
Ojú ewé tó kẹ́yìn ṣófo. Mo kọ ọ́ síbẹ̀:
kànga kan. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Mo ká ìró mi sókè, mo lọ síwájú ọ́fíìsì wọn,
láàárín mọ́tò méjì tó ń rapo.
Wọ́n ní kí n dìde, pé ibẹ̀ léwu.
Mo ní mo mọ̀.
Òṣó ni mo ló.