Orúkọ Kesulal Nínú Ìwé

Ọdún mẹ́ta la fi tọrọ ìwé náà.
Akọ̀wé ní kọ́kọ́rọ́ sọnù.
Akọ̀wé ní ká padà wá lọ́jọ́ Ajé.
Akọ̀wé ní ikán ti jẹ ẹ́:
ikán tó mọ̀wé,
tó mọ ojú ewé tó yẹ kí òun jẹ.
Ìgbà tí òfin fipá ṣí àpótí,
ikán ò jẹ nǹkan kan.
Ojú ewé mọ́kànlélógójì la gbà,
rúpíì méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan,
owó wàrà ewúrẹ́ Dhapu ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n kà á,
èmi tí mo kàwé dé kíláàsì kẹjọ.
Lábẹ́ igi dóńgóyárò ni, lójú gbogbo ará Dholgarh,
oòrùn Rajasthan ń yan wá bí àgbàdo,
baálẹ̀ wà lórí àga oníke, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Mo kà á: kànga kan, ẹsẹ̀ bàtà ọgọ́ta ní jíjìn,
iṣẹ́ ti parí.
Wọ́n wo ara wọn lójú.
Ọmọdé kan ní, "Bóyá abẹ́ ilẹ̀ ló wà."
Ẹ̀rín sọ.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó gbẹ́ ẹ.
Ní ìlà kẹtàdínlógún, ahọ́n mi dúró.
"Kà á, Noji," Dhapu ló wí bẹ́ẹ̀.

Kesulal, ọmọ Ratna.
Ó gbẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Ó gbowó. Ó tẹ̀ka.

Ọdún keje rèé tí a ti sun Kesulal
létí odò tó gbẹ,
èmi náà gbé igi lọ́jọ́ náà.

Dhapu dìde. Kò sunkún.
Obìnrin tí kì í ká ìborùn kúrò lójú
níwájú àgbà ọkùnrin,
ó ká a.
Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ bá mi rí ọkọ mi.
Bó bá tún wá gbowó,
ẹ ní kó yà nílé.
Ọmọ rẹ̀ ti ga jù ú lọ.
Ọ̀dá ti pa ewúrẹ́ méjì.
Kìlómítà mẹ́rin ni mò ń rìn lọ pọnmi;
ẹ ní kó wá fi kànga tó gbẹ́ hàn mí."

Baálẹ̀ ní oòrùn ti mú, ká túká.
Dhapu ní òun ò tíì sọ̀rọ̀ tán.
Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mé jẹ".
Harji arọ náà dìde lórí ọ̀pá rẹ̀:
"Noji, wò ó bóyá èmi náà ru òkúta."
Ó rù ú. Ọjọ́ méjìlélógún.
Ilẹ̀ ṣú, a tan tọ́ọ̀ṣì,
a ò tíì kà á dé ìdajì.

Kànga ńkọ́? Wọn ò tíì gbẹ́ ẹ.
Ibi tí a ti ń pọnmi náà la ṣì ń lọ.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, Dhapu kan ilẹ̀kùn mi,
ó mú ẹfun àti àjákù páànù kan lọ́wọ́.
"Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ Kesulal,
kí n lè dá a mọ̀
níbi tí wọ́n bá tún ti pè é síṣẹ́."