Àkísà Kò Tíì Tó

"Ṣé o ní àkísà nílé?" ni Verna bi mí
lẹ́bàá òkìtì yìnyín tó pín ilé àwa méjèèjì,
ní Brandon, lóṣù Kejì, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti lu ní àtàǹpàkò.
Inú kọ́kọ́ bí mi díẹ̀.
Kí ló rí lára mi?
Ìgbà tó gbé kúbùsù alábùlẹ̀ rẹ̀ jáde,
tó tẹ́ ẹ bo àga gbọọrọ,
onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin,
bí oko bàbá tí wọ́n pín fún ọmọ púpọ̀,
ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ ló fẹ́ kọ́ mi.

Mo wọlé, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.
Ẹ̀wù òtútù mẹ́ta, yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ òru méjì,
búláòsì tí mo rà lẹ́dìínwó, páálí iye owó ṣì ń fì lọ́rùn rẹ̀.
Kò sí èyí tó gbó.
Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà,
kò lè ní àkísà bí àgbà.
Èmi tí mo ti lé lógójì,
mo tún di ọmọdé nílùú òtútù.
Àpótí méjì péré ni wọ́n gbà fún wa nínú bàálù:
ta ni yóò di àkísà sí i?

Mo pe màmá mi ní Ẹdẹ.
"Ẹ bá mi wá aṣọ tó ti gbó."
Wọ́n dákẹ́. Mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn wọn.
"Ṣé bó ṣe le tó nìyẹn, Àwẹ̀ró?
Ṣé àkísà lẹ ń ró ní Kánádà?
Máa bọ̀ wálé, ọmọ mi."
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Mo ṣàlàyé. Kò yé wọn. Mo tún ṣàlàyé.

Kó tó dé, páálí oúnjẹ àárọ̀ ni Verna fi kọ́ mi:
gé e ní íǹṣì márùn-ún níbùú, márùn-ún lóròó,
gbé e lé aṣọ, fi ṣọ́ọ̀kì fa etí rẹ̀.
Má fojú wọ̀n ọ́n, ojú a máa purọ́.
Fọ aṣọ kó o tó gé e. Lọ̀ ọ́.
Jẹ́ kí méjì kojú síra wọn bí olófòófó,
fi pínnì dè wọ́n,
kó o fi ìdámẹ́rin íǹṣì sílẹ̀ létí.
Àkọ́rán mi wọ́ bí ẹnu arúgbó.
"Tú u," ni Verna wí.
Mo tú u. Mo tún un rán. Mo tún un tú.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé awò rẹ̀ sójú, ó wò ó pẹ́.
"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun lọmọ rẹ yóò fi mọ ọwọ́ rẹ."

Oṣù Kẹrin, Lásún gbé ọ̀rá dúdú kan ti ilé dé:
apá búbá bàbá mi,
ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé mi, tádàwà ṣì wà lápò rẹ̀,
àti ìdajì adìrẹ tí wọ́n fi pọ̀n mí,
tí wọ́n fi pọ̀n Kọ́láwọlé, ẹni tí kò sí mọ́.
Ó ń rùn kánfọ̀ àti èéfín igi.
N kò fọ̀ ọ́.
Mo mọ òfin. N kò kàn lè fọ̀ ọ́ ni.
Mo gé e bẹ́ẹ̀, mo rán an mọ́ funfun
tí Verna gé láti ara aṣọ tábìlì ìyá rẹ̀.

Ọmọ mi da tíì sí i lọ́jọ́ Sátidé.
Mo sáré kì í bọmi,
aró sì rìn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́,
ó wọ inú funfun ìyá onílé lọ láìkan ilẹ̀kùn.

Mo gbé e lọ bá a, mo fẹ́ kúnlẹ̀.
Verna ná an sójú fèrèsé.
Kò sọ̀rọ̀. Ó fi ìka tẹ̀ lé aró náà
dé ibi tó ti parẹ́.
Ó ní, "Fún mi ní èyí tó kù. Tèmi náà ń fẹ́ búlúù."

Mẹ́tàdínlógún ni mo ti rán. Kò tíì bo ẹsẹ̀ ọmọdé.
Màmá mi pè lálẹ́ àná:
"Ṣé àkísà tó?"
Mo ní kò tíì tó, Mọ́mì.
Ẹ máa lo aṣọ yín lọ. Ẹ jẹ́ kó gbó dáadáa.