Lẹ́tà Mọ́kàndínlógún

Àárọ̀ Ẹtì ni Mètibọ́ba, akọ̀wé ààfin, gun ọ̀kadà dé,
ìwé kan nínú ọ̀rá, kí eruku ọyẹ́ má bà á.
"Ọ̀kún o, akọpátákó."
Mo ní, "Ọ̀kún."
Ó ní Lọ́kọ́ja ti fọwọ́ sí i,
àwọn aṣòfin ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti lu òòlù mọ́ tábìlì:
Ìpórò ò ní Olú mọ́.

Mo ka orúkọ tuntun bí ẹni ń ka kajú sápò:
ỌBA ALÁPÓRÒ TI ÌLÚ MẸ́FÀ.
Lẹ́tà mọ́kàndínlógún.
Ti àtijọ́, OLÚ TI ÌPÓRÒ, mẹ́wàá péré ni;
ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára pósí kan ni bàbá mi fi kọ ọ́.
Mo ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni lẹ́tà kan.
"Àmì orí ńkọ́?" Mo ní ọ̀fẹ́ ni àmì.
Ó dá ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. A jọ rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́jọ rèé tí a gbé Olú wọlẹ̀,
tí aṣọ ìpò pupa, híhun Bùnú, bo ilé láti òrùlé dé ìloro,
tí ilé pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.
Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló gorí àga,
tíṣà àtijọ́ ní Kàbà, ó mọ ohun tí ìwé ń ṣe.
"Ọba tí ìjọba ò kọ lọ́ba," ló wí,
"ẹ̀yìn ni wọ́n ń to àga rẹ̀ sí."
Òótọ́ ni. Mo ti rí Olú lórí àga ike, nínú oòrùn,
tí àwọn adé yòókù wà lábẹ́ àgọ́.

Mo gun àkàbà. Mo fi funfun bo iṣẹ́ bàbá mi.
Ìyá Ikúpọlátì, opó Olú, jáde tòun tìgbálẹ̀,
ó wo òkè títí.
"Akọ̀wé, òfin yìí, ṣé ó ń padà sẹ́yìn?
Ọkọ mi tó sùn sábẹ́ òkúta yẹn,
kí ni kí n máa pè é?"
Mètibọ́ba ṣí ìwé, ó tún un ṣí.
"Láti ọjọ́ tí gómìnà fọwọ́ sí i lọ ni, Ìyá.
Kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kọjá."
"Ó dáa," ni Ìyá wí. "Kí ó fi í sílẹ̀."
Ó ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán pọ́n kí ìròyìn tó ti Òkè-Ẹ̀rì dé:
kí ẹnikẹ́ni má ka àwọn mọ́ ìlú mẹ́fà.
Mètibọ́ba ní kí n dúró ná.
Mo dúró sórí M, ọ̀dà ń kán sí bàtà mi.
Mo ní, "Bó bá di márùn-ún, ẹ mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́ta á lé o;
ìlú á dín, owó á pọ̀ sí i."
Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Bó ṣe wà nìyẹn títí dòní:
ỌBA ALÁPÓRÒ TI ÌLÚ M.
Àwọn ọmọ iléèwé ń kà á sókè, wọ́n ń parí rẹ̀ bó ti wù wọ́n.
Àwọn àgbà ń kọjá,
wọ́n ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
wọn ò gbójú sókè.