Ọwọ́ Tí Kò Tó Pẹpẹ

Kí wọ́n tó máa sanwó fún ọ láti mú bọ́ọ̀lù,
kókó lo kọ́kọ́ mú, ní oko Bàbá lọ́nà Ọ̀dà.
Èmi lórí igi, ìwọ nísàlẹ̀,
ọmọ ọdún méje, ojú rẹ kì í ṣẹ́.
Èyí tó bá bọ́, Bàbá á ní,
"Owó ilé ìwé yín ló sùn sílẹ̀ yẹn o."

Nígbà tó yá, Tíṣà Akínnìfẹ́sí ti Òkè-Àró
gbé igi kan dé tí kì í ṣe kùmọ̀, tí kì í ṣe ọmọrogùn.
Bésíbọ́ọ̀lù, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é.
Ó fi àpò sìmẹ́ńtì ṣe ibùdó lórí ilẹ̀ pupa,
ó ní kí Adémúlẹ́gùn kúkúrú dúró láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta,
ibẹ̀ ni èyí tó le jù máa ń gbà.
Òkúta Àkúrẹ́ kì í bá ènìyàn ṣeré:
bọ́ọ̀lù á ta bí ọ̀pọ̀lọ́ tó tẹ iná,
ìwọ á ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Wọ́n rí ọ, wọ́n mú ọ lọ.
Ọdún mọ́kànlá, ìlú mẹ́sàn-án, bọ́ọ̀sì òru, búrẹ́dì tútù.
Ọwọ́ tí kò tó pẹpẹ nílé wa
ló ń bọ́ ọ lókè òkun.
Ẹgbẹ́ ńlá pè ọ́ fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré.
Màmá fi èédú fa ìlà wọn sára ògiri ilé ìdáná.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, ọ̀kan gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ kọjá.
Ọ̀kan ṣoṣo, àbúrò mi.
Gbogbo pápá hó lé ọ lórí.
Ohun tí ọwọ́ mú kì í dún;
èyí tó bọ́ ni ayé ń gbọ́.

O padà dé pẹ̀lú àpò kan,
orúnkún tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́,
ìka òsì tó wọ́.
O dúró ti ògiri náà pẹ́,
ò ń wá ìlà kẹrìndínlógún.
O kò rí i. Bákan náà ni gbogbo wọn dúró ṣánṣán.

Àná, níbi tí a ti ń fọ́ kókó,
Tádé ọmọ mi ju ọ̀kan láti orí igi, kò pariwo.
Ìwọ ń bá mi sọ̀rọ̀ owó ajílẹ̀,
o kò gbójú sókè,
ọwọ́ rẹ ti lọ.

Mo wọlé lọ wá èédú.