Ìdí Tí Mo Fi Fẹ́ Jókòó

Ìyá mi bi mí nídìí ààrò, ó ń fẹ́ná:
"Bọ̀nà, ṣé ẹsẹ̀ ló ń dùn ọ́
tí o fi ní kí wọ́n dìbò fún ọ kí o lè jókòó?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ ń dùn mí.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi dúró
ní kóòtù Ṣábẹ̀ẹ́ tó kọjú sí ojú irin tí ọkọ̀ kì í gbà mọ́,
nínú aṣọ dúdú tí òógùn ti mú ṣá lábẹ́ abíyá.
Mo dúró fún obìnrin Fúlàní tí wọ́n lé nídìí kànga,
fún olùkọ́ mẹ́rin tó béèrè owó oṣù, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n san án fún wọn.
Agbẹjọ́rò ni mí. Ẹ fetí sí orúkọ náà:
mo gba ẹjọ́, mo rò ó,
mo rò ó títí ọ̀fun mi fi gbẹ bí odò Ọ̀pàrà nígbà ọyẹ́,
ẹlòmíràn ló ń dá a.

Wọ́rù ni mo fẹ́ sọ.
Wọ́rù tó ń gé ìrèké fún ilé-iṣẹ́ ṣúgà,
tí wọ́n mú lọ́nà Kàbúà nítorí alùpùpù.
Ìwé alùpùpù wà nílé, nínú agolo mílíìkì, lábẹ́ ẹní.
Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe di tirẹ̀.
Ó ní, "Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi."
Ògbufọ̀ wa, tí etí rẹ̀ sí èdè wa kò ju etí ọjà lọ,
kọjú sí adájọ́, ó fi Faransé wí pé:
ó gbà.
Ó gbà pé òun jalè.
Bí akọ̀wé ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, tó sì gbọn tádàwà ara bírò rẹ̀ nù.

Ẹ̀ẹ̀meje ni mo dìde lórí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn.
Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n sún un síwájú:
fáìlì ò tíì dé láti Kútọnu,
ògbufọ̀ lọ sìnkú,
iná lọ.
Adájọ́ kì í ṣe ìkà. Ó ń wo aago ni,
ìdílé rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, ọkọ̀ ò sì ní dúró dè é.
Nígbà tí Wọ́rù padà jáde, ọmọ rẹ̀ ń pè é ní àlejò.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà:
àwọn baba wa wí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lọ sùn.
Wọn ò fi orúkọ sílẹ̀ fún
ẹni tó gbọ́ tọ̀tún, tó gbọ́ tòsì,
tí kò gbọ́ èdè ẹnì kankan.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ẹtì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń dìbò,
orúkọ mi yóò wà nínú àpótí.
Mo fẹ́ jókòó síbi tí mo ti lè sọ pé:
"Wọ́rù, tún un wí. Rọra wí i.
Ẹ lọ gbé agolo mílíìkì yẹn wá."
Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irọ́ ni. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo fẹ́ kí wọ́n dìde nígbà tí mo bá wọlé.
Mo fẹ́ kí ọkùnrin tó pè mí ní "ọmọbìnrin aláriwo"
dúró, kó di fìlà rẹ̀ mú sáyà.
Bẹ́ẹ̀ ni Léópọ́ọ̀, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, bi mí lálẹ́ àná pé:
"Bí o bá jókòó, ta ni yóò dúró fún wọn?"
Mi ò rí oorun sùn. Mi ò tíì rí èsì rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ìyá mi ò sọ nǹkan kan.
Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìdáná rẹ̀ sọ́dọ̀ mi:
"Jókòó wò ná. Kí lo rí láti ibẹ̀?"

Mo jókòó.
Èéfín ni mo kọ́kọ́ rí.
Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì,
wọ́n wú, eruku pupa bò wọ́n,
wọ́n dúró.