Pátákó Ẹnu Ọ̀nà ní Sàmárù

Ṣọ́ọ̀kì kan, àkísà kan, pátákó dúdú kan:
iṣẹ́ mi nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé bọ́ọ̀lù Tánímù.
Lóṣù kẹjọ, tí òjò ṣì ń da Sàmárù láàmú,
bàbá kan wọlé, aṣọ bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé lọ́rùn rẹ̀, ó ti ṣá.
Ó ní, "Ọmọ Ọ̀ffà, bá mi kọ Wáádáìkì síbẹ̀."
Mo ní, "Wáá-kí-ni?"
Ó ní ilẹ̀ Họ́láńdì ni, ìlú kan tó rẹlẹ̀ ju òkun lọ;
wọ́n mọ ògiri dí omi, wọ́n gbin koríko sẹ́yìn ògiri,
wọ́n wá ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tó yẹ kí ẹja máa wẹ̀.
Mo kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Olúgbódi lorúkọ rẹ̀, ìka mẹ́fà lọ́wọ́ òsì.
Ó ń di ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gboyè.
Inú okìríkà ló ti rí aṣọ náà.
"Mo ti wọṣọ wọn kí n tó morúkọ wọn," ló wí,
"ẹni a bá wọṣọ ẹ̀, a ti di ará ilé ẹ̀."

Gbogbo Sàmárù ń wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níwájú.
Òun nìkan ló wà lẹ́yìn, nídìí tẹlifíṣọ̀n kékeré,
níbi tí Tánímù ń kó àga tó ti kán sí.
Owó èèyàn méjì ló ń san,
torí jẹnẹ́rétọ̀ kò mọ̀ pé ẹnì kan ló jókòó.

Mẹ́ta sí òdo. Ọ̀mì. Méjì sí ọ̀kan. Ọ̀mì.
Lóṣù kẹwàá wọ́n na àwọn ọmọ ìlú ńlá ní márùn-ún;
mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ ọ́.
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró: "Ta ló ń jẹ́ Wáádáìkì?"
Kò dáhùn. Ó kàn fi ìka kẹfà tọ́ àyà ara rẹ̀.

Ọyẹ́ dé. Eruku bo pátákó débi pé
ìka lásán tó láti kọ̀wé.
Lọ́hùn-ún, yìnyín ni, bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ọsàn ń yí nínú funfun.
"Wò ó," ó ní, "ètè aṣọ́lé wọn là bíi tèmi."
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ti Yúróòpù. Wọ́n fìdí rẹmi ní Pọtogí,
wọ́n gbẹ̀san nílé. Ó ra bíńtín ẹ̀pà fún mi.

Oṣù kẹta, ìgbà ààwẹ̀. Tánímù pín dàbínù.
Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, wọ́n fi ọgbọ̀n lé e, ọ̀mì.
Ó di pẹnárítì.
Àwọn ará iwájú ti yí àga wọn padà sẹ́yìn,
gbogbo wọn ti di ọmọ Wáádáìkì lójijì.
Ìkarùn-ún kan ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan,
irun rẹ̀ pupa bí irùngbọ̀n àgbàdo.
Ó sáré, ó rọra dúró, ó tún sáré—

epo tán.

Nígbà tí Tánímù fi rí gálọ́ọ̀nù, tó fa okùn, tó tún fà á,
ọmọ náà ti dojú bolẹ̀ lórí koríko.
Ẹlòmíràn ń sáré kiri, aṣọ mìíràn ló wọ̀.
"Bàbá, ṣé kí n kọ ọ́?"
"Kọ ọ́. Bí ọbẹ̀ bá dànù, a ó ṣáà fọ ìkòkò."

Nílé, ipò kẹta; àmì kan péré ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣe kejì.
Òjò àkọ́rọ̀ ló nu pátákó náà fún mi.
Wọ́n ta onírun àgbàdo sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
àwọn ará iwájú sì ti ń pè é ní tiwọn.

Oṣù kẹjọ tún dé. Kí ó tó yọjú ni mo ti kọ Wáádáìkì,
mo fi àyè ayò sílẹ̀.
Ó wò ó títí. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi kí n ka orúkọ ara aṣọ:
lẹ́tà kan ni mo ti ń jẹ gbẹ̀ láti èṣí.
Mo mú àkísà. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.
Ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.